Kí O Tó Gbà Kí Wọ́n Tú Kílọ́ọ̀ṣì Rẹ

Àbúrò mi, jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kì í ṣe ti ìpara, kì í ṣe ti aṣọ ẹbí, kì í sì í ṣe ti ìyá ọkọ. Ti alùpùpù rẹ ni. Ó ti pẹ́ tí ohùn kan ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ, tí o ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, o á tún fún máṣíìnì níná kí ariwo ẹ́ńjìnnì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù yé mi. Bí o bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, á tẹ́tí díẹ̀, á pòṣé, á ní, “Àǹtí, kílọ́ọ̀ṣì yín ti jẹ.” Kí o sì tó béèrè pé èló ni, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti máa tú bóòtù kẹta.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohùn kílọ́ọ̀ṣì kì í fi ibi tó ti ń wá pamọ́ fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wá a. Kò gba sípánà. Ọwọ́ òsì rẹ àti etí rẹ méjèèjì ti tó. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé, ìgbà tó o bá máa fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìwọ ni kí o sọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò fún un.

Àwọn kan á ní kí ló kan obìnrin nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Má dá wọn lóhùn. Lóòótọ́, láti oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà àti Surulere wà lára wọn, nítorí náà ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ alùpùpù ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kó wá sí Òkè-Ògùn. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, nọ́ọ̀sì tó ń lọ fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tíṣà tí wọ́n gbé lọ sí iléèwé abúlé, ìyá tó ń kó gààrí lọ sọ́jà, kí ni wọ́n fẹ́ gùn? Jeminat Olumegbon náà, tó gun alùpùpù kúrò ní Èkó la orílẹ̀-èdè mélòó kan kọjá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 2015, obìnrin bíi tiwa ni.

Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ibẹ̀ fún ọ, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló máa gbà. Lára Bajaj Boxer àti Honda CG125 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó kún ojú títì wa, apá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì wà, lábẹ́ ìdérí fífẹ̀ tí ẹsẹ̀ kíìkì yọ jáde níbẹ̀. Nǹkan roboto kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, òun ni wọ́n ń pè ní áwùsì. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Inú áwùsì yìí ni wọ́n to àwọn pléètì sí lérí ara wọn, bí abọ́ ìyàwó tuntun nínú kọ́bọ́ọ̀dù: ọ̀kan tí wọ́n lẹ ohun tó ń di nǹkan mú mọ́ lára, ọ̀kan tó jẹ́ irin lásán, kí wọ́n tún mú èyí tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́. Sípíríǹgì ló ń fún gbogbo wọn pọ̀. Bí wọ́n bá ti fún pọ̀, agbára ẹ́ńjìnnì á gba ara wọn kọjá bọ́ sínú jíà, táyà ẹ̀yìn á yí. Bí o bá wá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, kébù á fa apá kékeré kan nísàlẹ̀, apá yẹn á ti ọ̀pá kan tàbí bíárìn kan, agbára sípíríǹgì á kúrò lórí àwọn pléètì, wọ́n á yà kúrò lára ara wọn. Ẹ́ńjìnnì á máa yí lọ, jíà á sinmi. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Fi ti ọ́ìlì yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ṣé o wá rí i báyìí pé ọwọ́ òsì rẹ ló ń pinnu ohun tó ń yí àti ohun tó dúró? Ohùn tó bá yí padà nígbà tí ọwọ́ rẹ fa kílọ́ọ̀ṣì tàbí tó tú u sílẹ̀, ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tàbí aládùúgbò rẹ̀ ló ti ń wá. Èyí tí kò bá yí padà rárá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ ta pléètì fún ọ.

Kí o tó tan máṣíìnì rárá, iṣẹ́ kan wà tó o gbọ́dọ̀ ṣe. Ṣe é ní kùtùkùtù, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì kú, fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì wọlé, tú u sílẹ̀, tún fà á. Ṣé o gbọ́ kíún-kíún? Ṣé ó ń ha ọ́ lọ́wọ́ bó ṣe ń wọlé? Bí ohùn yẹn bá lè jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, pléètì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó lè jẹ́ ojú bóòtù tí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì fi ń mì ló gbẹ. Ó lè jẹ́ kébù ló ti ń já díẹ̀díẹ̀ nínú ike rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ apá kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ ló ti dípẹtà, pàápàá bó o bá ń fọ máṣíìnì lódò. Kán ọ́ìlì sójú bóòtù náà. Yọ orí kébù lókè, kán ọ́ìlì sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi yọ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá rí i pé fọ́nrán wáyà kan ti já lẹ́nu kébù, má kán nǹkan kan sí i mọ́, ra tuntun lọ́jọ́ náà gan-an. Kébù wà lára ohun tó rọjú jù lọ lára alùpùpù, ibi tó sì máa já sí kì í ṣe iwájú ilé rẹ.

Níbẹ̀ náà, wo àyè tó wà lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kó rìn díẹ̀ lófìfo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Ti Honda CG125, mílímítà 10 sí 20 ni ìwé rẹ̀ sọ, bó o bá wọ̀n ọ́n ní ṣóńṣó ọwọ́ náà. Bí àyè yìí kò bá sí, àwọn pléètì kò ní lè fún pọ̀ tán, wọ́n á máa yọ̀ lára ara wọn, wọ́n á sì jóná. Bó bá pọ̀ jù, wọn kò ní yà tán, jíà á máa han gooro bó o bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tún un ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ náà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ti òkè, ìka rẹ lásán lè yí i. Mo mọ ẹni tí wọ́n gba owó odidi pléètì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí nọ́ọ̀tì òkè yìí nìkan, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó yá, tan án. Ṣòkòtò ni kí o wọ̀ o, má fi ìró ṣe iṣẹ́ yìí, ká gèlè tàbí ìborùn rẹ mọ́ra, torí ṣéènì kò mọ aṣọ olówó ńlá. Gun máṣíìnì yí àdúgbò ká kó lè gbóná, torí ẹ́ńjìnnì tútù àti ẹ́ńjìnnì gbígbóná kì í sọ ohun kan náà. Wá gbé e sórí ìdúró ńlá rẹ̀, fi jíà sí fírìì, jẹ́ kó wà ní sílò. Tẹ́tí sí apá ọ̀tún láìfọwọ́ kan kílọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, fa kílọ́ọ̀ṣì wọlé pátápátá, tún tẹ́tí.

Bí ohùn bá wà nígbà tó o tú u sílẹ̀, tó sì dákẹ́ nígbà tó o fà á, afurasí méjì ló wà, ìwà wọn sì yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ni áwùsì fúnra rẹ̀. Láàárín áwùsì àti jíà ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi sípíríǹgì kéékèèké tàbí rọ́bà sí i kí ìlù ẹ́ńjìnnì má bàa máa gbá wọn mọ́ra. Bí ìwọ̀nyẹn bá ti rẹ̀, áwùsì á máa mì jàgà-jàgà nínú àyè rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jẹ́ kà-kà-kà-kà, ó gbẹ, ó máa ń burú sí i nígbà tí sílò bá lọ sílẹ̀ àti nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí ọ́ìlì sì ṣàn. Fún un níná díẹ̀ péré, á dákẹ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí o kọ́kọ́ yí sìkúrù sílò lára kábúrétọ̀ sókè díẹ̀ kó o wò ó. Ẹ̀rọ CG125 yẹ kó máa yípo tó ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá wà ní sílò, àwọn mẹkáníìkì wa sì fẹ́ràn láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní kì í jẹ́ kó jẹ epo púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé bó o ṣe gbé sílò sókè díẹ̀ ni kà-kà-kà yẹn lọ, máa gun máṣíìnì rẹ lọ, àbúrò mi, kàn máa tẹ́tí sí i. Áwùsì tó ń mì díẹ̀ lè sìn ọ́ pẹ́.

Afurasí kejì ni bíárìn tó gbé ọ̀pá jíà dúró. Èyí kì í ṣe kà-kà. Húùùù ni, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn tó ń kùn, bó o bá sì ti ń fún un níná ló ń ròkè. Ó ń bá ọ lọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú. Ìyẹn ni kí o má fi falẹ̀ rárá. Bíárìn tó bá fọ́ sáàárín jíà, kì í ṣe òun nìkan ló ń bàjẹ́, ó ń kó eyín jíà lọ, ó sì lè ti táyà ẹ̀yìn pa lójijì lórí eré.

Yí i padà wàyí: bó bá jẹ́ pé ìgbà tó o fà á ni ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fììììn tàbí ṣìììrì, tó sì dákẹ́ bó o ṣe tú u sílẹ̀, bíárìn kékeré tí ọ̀pá ń tì yẹn ló ń ké, tàbí ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ ló ti jẹ lórí. Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bíárìn yẹn kì í wọ́n, títú ìdérí ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá wá sọ fún ọ pé nítorí fììììn yẹn ni o ṣe gbọ́dọ̀ ra áwùsì, pléètì àti sípíríǹgì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe pẹ̀lẹ́, mú kọ́kọ́rọ́ rẹ.

Bí fífà kò bá ṣe nǹkan kan fún ohùn yẹn, bí títú kò bá ṣe nǹkan kan, kílọ́ọ̀ṣì kọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn. Di sàlẹ́ńsà, pákó ẹsẹ̀ àti irin tó bo ṣéènì mú lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí máṣíìnì bá tutù, kó o wò ó bóyá bóòtù kan ti dẹ̀. Ẹnu máa yà ọ́ sí iye “ẹ́ńjìnnì tó kú” tó jẹ́ bóòtù sàlẹ́ńsà. Lẹ́yìn ìyẹn, mú sìkúrùdíráfà gígùn kan, fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, fi ìdí rẹ̀ kan eegun iwájú etí rẹ, ohùn á gba inú irin bọ́ sí etí rẹ kedere. Fi kan ìdérí ọ̀tún, fi kan ti òsì, fi kan òkè. Bó bá le jù lókè, ó lè jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ kí wọ́n tún àyè rẹ̀ ṣe, tàbí táímìǹ ṣéènì lára Boxer. Bó bá le jù lápá òsì, ibẹ̀ ni mágínẹ́tò àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú wà. Kíyè sí sàlẹ́ńsà bó o ṣe ń tẹ̀ sílẹ̀. Àpá dúdú yẹn tó wà ní ojúgun ọ̀tún ìdajì àwọn ọmọbìnrin tí mo mọ̀, gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Àwọn ohùn kan wà tí kì í jáde lórí ìdúró, àfi kó o wà lójú ọ̀nà. Bó o bá ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti gbéra, tí máṣíìnì sì ń gbọ̀n gbì-gbì-gbì, ó ṣeé ṣe kí etí àwọn pléètì ti gbẹ́ ihò sí ìka áwùsì, ìyẹn àwọn ọ̀wọ́n ara rẹ̀ tí etí pléètì ń wọ àárín wọn. Ìka alumíníọ̀mù rọ̀ ju pléètì lọ, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, pléètì á máa họ ọ́, dípò kó máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀, á máa há síbẹ̀. Pléètì irin tó ti wọ́ nítorí ooru náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń pariwo sókè ṣùgbọ́n eré kò pọ̀ sí i, yíyọ̀ nìyẹn. Tó o bá ń ṣiyèméjì, gbé e lọ sí òkè bíi ti Èfọ̀n Alààyè, wà ní jíà gíga, fún un níná. Bí ohùn bá fò sókè tí máṣíìnì sì dúró síbi tó wà, tí òórùn iná sì ń bọ̀, o ti rí ìdáhùn. Kọ́kọ́ wo àyè ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kó o tó gbà pé pléètì ti tán.

Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ pléètì tó sì ń han ní gbogbo ìgbà tó o bá ń gbéra, bi ẹni tó ṣe é bóyá ó rẹ pléètì náà sínú ọ́ìlì kó tó tò wọ́n. Pléètì tuntun kì í fẹ́ gbígbẹ wọlé.

Nísinsìnyí, má jẹ́ kí n sọ ọ́ di ẹni tó ń fòyà gbogbo ohùn. Gbàù tó ń dún nígbà tó o bá kọ́kọ́ tẹ jíà àkọ́kọ́ láàárọ̀, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Ọ́ìlì tútù ló lẹ àwọn pléètì pọ̀ mọ́jú. Bó bá ń bà ọ́ nínú jẹ́, fa kílọ́ọ̀ṣì kó o tó tan iná, fi jíà sí fírìì, tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n á ti yà kó o tó gbéra. Ní Bologna ní orílẹ̀-èdè Ítálì, Ducati ṣe àwọn alùpùpù olókìkí tí kílọ́ọ̀ṣì wọn kò sí nínú ọ́ìlì rárá, 916 tó jáde lọ́dún 1994 wà lára wọn. Bó o bá fa kílọ́ọ̀ṣì wọn, ariwo tó máa jáde, bó o bá gbé e wá sí ìta wa níbí, àwọn mẹkáníìkì á ti kó sípánà jọ. Bẹ́ẹ̀, bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn, àwọn tó ni ín sì ń fi yangàn.

Mo ní mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù owó, torí a rò pé ọ́ìlì ni ọ́ìlì. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ a fẹ́ kí àwọn pléètì di ara wọn mú nínú rẹ̀. Àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ní ohun tí wọ́n pò mọ́ wọn kí gbogbo nǹkan lè máa yọ̀ kí epo má bàa tètè tán. Ìyẹn dáa fún ọkọ̀, torí kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ kò sí nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Tí ìwọ bá rọ ọ́ sínú alùpùpù rẹ, pléètì tuntun pàápàá lè máa yọ̀. Wo ẹ̀yìn ike: wá JASO MA tàbí MA2. Àmì tí àwọn ará Japan gbé kalẹ̀ fún ọ́ìlì alùpùpù ni. MB náà wà, ṣùgbọ́n ti sikútà aláìní-ọwọ́-kílọ́ọ̀ṣì ni. Ní ti kíki ọ́ìlì, 20W-50 ni wọ́n sábà ń lò fún Boxer níbí, ooru ilẹ̀ wa sì bá a mu. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ike omi lẹ́bàá títì, tó dúdú tàbí tó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, fi sílẹ̀ fún wọn. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ dùn ún gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da ọ́ìlì àtijọ́ nù, dúró síbẹ̀. Fi ìka kan án. Bó bá rùn bí ohun tó jóná, tí èérún dúdú sì wà nínú rẹ̀, pléètì ti ń tú. Bó bá ń dán wínníwínní, mú òòfà kékeré kan, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà àlòkù, kì í wọ́n. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni: jíà tàbí bíárìn ló ń jẹ. Ohun tó bá ń dán tí kò sì lẹ̀ mọ́ ọn lè jẹ́ alumíníọ̀mù, áwùsì sì wà lára ibi tó ti lè wá. Fi han mẹkáníìkì rẹ kó o sì dákẹ́. Wàá rí i pé ohùn rẹ̀ á yí padà sí ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gun Suzuki AX100 tàbí Jincheng tí ọ́ìlì rẹ̀ ń jó pẹ̀lú bẹntiróòlù, tiyín yàtọ̀. Ọ́ìlì tẹ́ ẹ̀ ń dà sínú epo kì í dé ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ọ́ìlì jíà wà lọ́tọ̀, tí àwọn mìíràn kò pààrọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra máṣíìnì. Ẹ lọ wò ó.

Ó ku ti mẹkáníìkì. Bó o bá dé ibẹ̀, má sọ pé “kílọ́ọ̀ṣì mi ti bàjẹ́.” Ìwọ lo ṣe ìwé owó fún un yẹn. Sọ pé: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bí mo bá fi sí fírìì tí mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ń dún kà-kà-kà lápá ọ̀tún. Bí mo bá fà á, á dákẹ́. Mo ti gbé sílò sókè, kò lọ.” Fi ẹnu rẹ ṣe ohùn náà gan-an bó ṣe ń dún, má tijú, kí wọ́n rẹ́rìn-ín bó bá wù wọ́n. Bọ̀wọ̀ fún un, pè é ní ọ̀gá, má jẹ́ kó rò pé o wá dán an wò níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, torí mẹkáníìkì tí ojú bá tì kì í tún nǹkan ṣe dáadáa. Ní kó tan án kó sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Ẹ dúnàádúrà owó títú àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó má bàa jẹ́ pé ìgbà tí ọ́ìlì bá ti dà sílẹ̀ tán ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ iye.

Bí wọ́n bá ṣí i, sún mọ́ ọn. Ka iye pléètì. Wo ìka áwùsì: ṣé ó tẹ́jú tàbí pléètì ti gbẹ́ ihò sí i? Di áwùsì mú, kó o mì í síwá sẹ́yìn lórí jíà ẹ̀yìn rẹ̀. Wo sípíríǹgì bóyá gíga wọn dọ́gba. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ pléètì, ó dáa kí wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì pẹ̀lú rẹ̀, torí owó kan náà ni títú. Gásíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Bó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ lọ ra nǹkan, bóyá ní Àràrọ̀mí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, mú pléètì àtijọ́ dání, kí o gbé tuntun lé e lórí níwájú ẹni tó ń tà á, kí o fi etí pléètì wé etí pléètì. Orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí kò tó.

Bó o ṣe ń gùn ún náà ń sọ̀rọ̀ o. Ìka tó ń sinmi lórí kílọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọ̀nà, kílọ́ọ̀ṣì fífà ní ìdúró pípẹ́ dípò kó o fi sí fírìì, fífi ìdajì kílọ́ọ̀ṣì gun òkè pẹ̀lú èrò méjì àti àpò iṣu, ìwọ̀nyẹn ń jẹ pléètì ju ọjọ́ orí lọ. Àwọn tó ń gun sikútà tí kò lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì kò bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá: tiwọn máa ń han nígbà tí wọ́n bá ń gbéra, eruku tàbí ojú pléètì tó ti dán ló sábà máa ń fà á, kí wọ́n ṣí i fọ̀ kó tó di pé wọ́n ń ra nǹkan.

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ pléètì tán, gba àwọn àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, kó wọn sínú ọ̀rá. Má fipá lo máṣíìnì ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, kó o sì tún àyè ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì wò lẹ́yìn náà, torí bí pléètì tuntun bá ti jókòó sáyè wọn, àyè yẹn máa ń yí padà. Lálẹ́ ọjọ́ tó o bá gbé e délé, tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí o bá bá ọ́ìlì lórí rẹ̀ láàárọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọn kò tẹ̀ dáadáa. Gbé e padà lọ lọ́jọ́ náà, kí o mú páálí yẹn dání.